Bí a ṣe ń fọ irun ike tí ìgbì rẹ̀ kò fi ní nà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan gbé ọ̀rá dúdú wọ ṣọ́ọ̀bù, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Wíìgì ni: irun gígùn onígbì tí a jọ yàn ní Ọjà Ọba nígbà tí ọdún Iléyá ń bọ̀. Ó ti wú bíi tìmùtìmù tó bẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ta kókó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wá òmíràn, èyí ti kú." Mo gbé e símú. Òógùn, ìpara, èéfín ata díndín. Mo ní, "Kò kú o. Ó dọ̀tí ni." Nígbà tó padà wá gbà á lọ́jọ́ kejì, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wá bi mí bóyá mo ti lọ pààrọ̀ rẹ̀.

N kò pààrọ̀ nǹkan kan. Mo fọ̀ ọ́ ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: omi kì í ba ìgbì irun ike jẹ́. Ooru ni í bà á jẹ́, àti ọwọ́ tó ń fún un, àti òòyà tí a fi ń ya á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní Àkúrẹ́ níbí ló ń bẹ̀rù omi. A ó lo irun fún oṣù méjì, mẹ́ta, omi kò ní kàn án, tó bá wá ta kókó tán a ó sọ pé ó ti lò tó, a ó jù ú sí ààtàn. Àwọn màmá wa tó ń di ṣùkú àti kọ̀lẹ́sẹ̀ kò ní wàhálà yìí: wọ́n á tú u, wọ́n á fọ orí, ó parí. Àwa tá a ń fowó ra irun ló yẹ ká mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ìgbì náà, ibo ló ti wá?

Irun ike kì í ṣe irun, okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kanekalon tí ẹ máa ń rí lára ọ̀rá àtáṣímẹ́ǹtì, Kaneka ló ń ṣe é, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànù. Modacrylic ni irú okùn náà ń jẹ́, kì í sì í tètè gbiná. Àwọn irun mìíràn jẹ́ pólísítà, mọ̀lẹ́bí aṣọ pólísítà tí à ń rán. Àwọn yẹn ló sábà máa ń gba ooru áyọ́ọ̀nù díẹ̀. Nílé iṣẹ́, wọ́n á wé okùn náà mọ́ ọ̀pá tàbí kí wọ́n dì í, wọ́n á fi ooru bá a títí yóò fi dẹ̀, wọ́n á wá jẹ́ kó tutù síbẹ̀. Bó bá ṣe tutù ni yóò ṣe wà.

Ẹ rántí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó bọ́ sẹ́bàá àdògán. Kí ẹ tó mú un kúrò, ó ti sún kì. Tí ẹ bá fà á nígbà tó ṣì gbóná, yóò nà, tó bá sì tutù tán, bó ṣe nà yẹn ni yóò wà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí irun yín. Ooru ló fi ìgbì sí i lára, ooru náà ló lè mú un kúrò.

Èmi ti fojú ara mi rí i. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, a di irun fún ìyàwó kan tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. A fi ìsàlẹ̀ irun náà sílẹ̀ láìdì kí ìgbì rẹ̀ lè máa jó lẹ́yìn rẹ̀. Irun tí a bá dì délẹ̀, a máa ń ri ṣóńṣó rẹ̀ bọ omi gbígbóná kó má baà tú, ọwọ́ mi sì ti mọ́ ọn. Ọ̀gá mi kàn yíjú báyìí, mo ti ri gbogbo ìsàlẹ̀ irun náà bọ omi tó ń hó. Kò tó kí èèyàn ka oókan dé mẹ́wàá. Ìgbì náà nà lójú mi gbọọrọ bí ìgbálẹ̀. Obìnrin náà kò bú mi o, ó kàn ń wo dígí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Owó ara mi ni mo fi ra irun mìíràn, ilẹ̀ ti ṣú ká tó dì í tán.

Ẹ mọ irun tí ẹ fẹ́ fọ̀

Lọ́jà, kò sí irun tí wọn kì í pè ní irun èèyàn. Ẹ fa ẹyọ kan yọ lẹ́yìn ìpàkọ́ wíìgì náà, ẹ gbé e sórí àwo tánganran, ẹ ṣáná sí i. Kí ẹ jìnnà sí aṣọ títa àti kẹrosíìnì. Tó bá ń rùn bíi ìgbà tí a ń wi ìyẹ́ adìyẹ, tí eérú rẹ̀ sì ń rún lọ́wọ́, irun èèyàn ni. Tó bá sún kì, tó di kókó dúdú líle bí orí abẹ́rẹ́, tó ń rùn bí ọ̀rá, ike ni. Àwọn kan wà tí wọ́n pò méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣe ìyẹn bí ike, ẹ kò ní kábàámọ̀.

Ẹ wo ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá pẹ̀lú. Bí kò bá sí ohun kan níbẹ̀ tó sọ pé ó gba ooru, ẹ gbà pé kò gbà á. Èyí tó gbà á, ọ̀pọ̀ wọn ń kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, 180°C ni mo sì máa ń rí jù.

Ohun tí ẹ máa nílò kò pọ̀. Bàsíà fífẹ̀ méjì, ṣampú, òòyà eléyín gbàgàdà, tówẹ̀lì, háńgà tàbí ìṣó lára ògiri. Lẹ́yìn náà, omi olóòórùn dídùn tí à ń dà sí omi tí a fi ń ṣan aṣọ kẹ́yìn, èyí tí mo máa pè ní amáṣọrọ̀. Ẹ má lo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, ó máa ń le jù, irun á wá ṣá. Ẹ má lo ọṣẹ dúdú náà. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú fún orí tèmi, ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lára ike, irun á wá máa lẹ̀ mọ́ra.

Ní ti omi, omi tútù lásán tó. Bí omi kànga yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú rẹ̀, ẹ gbe omi òjò. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, òjò kì í wọ́n wa ní Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ fọ páànù ná kí ẹ tó gbé bàsíà síbẹ̀.

Ẹ tú u ní gbígbẹ

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Irun tó ta kókó, tí ẹ bá gbé e sínú omi bẹ́ẹ̀, kókó náà á le sí i. Ẹ da amáṣọrọ̀ ìdérí kan sínú ife omi kan, ẹ rọ ọ́ sínú ike ìfọ́nmi, ẹ fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó ti bára wé. Díẹ̀ ni mo wí, a kò tíì fẹ́ kó rin.

Ẹ wá fi ọwọ́ òsì di irun mú ní àárín, kí fífà má baà dé ibi tí wọ́n ti rán an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré. Tí ibẹ̀ bá ti já gaara, ẹ gòkè díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti òkè ya á wálẹ̀, ṣe ló ń kó gbogbo kókó jọ sí ojú kan, òòyà á dúró gbọn-in níbẹ̀, ló bá di fífà, irun á já. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gungi. Bí kókó kan bá ṣagídí, ẹ ju òòyà sílẹ̀, ẹ fi ìka méjì tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kéré, tó le bí èso àgbàdo, tí kò gbọ́ rárá, ẹ fi sáàsì gé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Irun tó lọ́ kékeré bíi kọ́ọ̀lù kì í bá òòyà rẹ́ rárá. Ìka nìkan ni kí ẹ fi tú u, tí ẹ bá fi òòyà kàn án, ìgbì yóò ya sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, yóò wú bíi òwú.

Ẹ rì í, ẹ má fọ̀ ọ́

Ẹ bu omi bíi lítà márùn-ún sínú bàsíà kan, ẹ da ìdérí ṣampú méjì sí i, ẹ fọwọ́ pò ó kó hó. Inú omi ni ṣampú ń lọ, kì í ṣe orí irun. Bí ẹ bá da ṣampú sórí irun tààrà, ẹ óò fẹ́ fi ọwọ́ pa á, tí ẹ bá sì ti ń pa á, ẹ ti ń so kókó tuntun nìyẹn.

Ẹ di wíìgì mú ní ìpàkọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ wífọ́ọ̀nù, ẹ di ibi tí wọ́n ti rán an mú, kí ẹ fi rọ́bà so ó pọ̀ kó má baà fọ́nká. Ẹ rì í bọ omi, ẹ fà á jáde, ẹ tún rì í, bí alárò ṣe ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Ẹ ó rí i tí omi ń pọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ sínú omi náà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé irun náà láti òkè wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ má fún un, ẹ má bọ́ ọ lọ́wọ́ bí ẹni tó ń fọ ṣòkòtò mẹkáníìkì.

Inú wíìgì, níbi iwájú orí tí pọ́ńdà àti àtíkè máa ń lẹ̀ mọ́, ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó gbo ó díẹ̀. Inú nìkan o.

Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, títí fóòmù kò fi ní sí mọ́.

Lẹ́yìn náà ló kan amáṣọrọ̀. Ìdérí méjì nínú lítà márùn-ún omi tútù, ẹ ri irun náà sí i, ẹ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn fún ìṣẹ́jú 15. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bo okùn ike náà fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n lè máa yọ̀ lára ara wọn, kí iná kékeré tó máa ń ta pàrà pàrà lára irun ike nígbà ọyẹ́ sì rọlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irun tó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́rẹ̀kẹ́ lóṣù kìn-ín-ní: òun nìyẹn. Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹ jọ̀ọ́, irun tí kò sí lórí èèyàn nìkan ni a ń fi amáṣọrọ̀ rẹ. Wọn kò ṣe é fún awọ orí.

Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀

Ẹ tẹ́ tówẹ̀lì, ẹ gbé irun náà lé e, ẹ ká tówẹ̀lì bò ó, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó fa omi. Ẹ má lọ́ ọ. Ẹ gbé e kọ́ háńgà tàbí ìṣó, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kan nǹkan kan. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìsàlẹ̀ irun náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ rọra kó o jọ bí ẹni tó ń bu òwú, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká.

Lákọ̀ọ́kọ́, yóò dà bíi pé ìgbì ti lọ. Ọkàn yín kò gbọdọ̀ já. Omi ló wúwo lára rẹ̀ tó ń fà á. Ṣọ́ọ̀bù mi ní ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń jókòó wo irun tí mo bá fi kọ́ síbẹ̀. Ẹ̀kán omi kan á rọra ti ìgbì kan dé òmíràn, á dúró ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gun òkè Ìdànrè tó ń sinmi lójú àtẹ̀gùn, á wá já bọ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti já bọ́, irun náà á súnkì sókè díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́, ó ti padà sí ààyè rẹ̀.

Abẹ́ òjìji ni kí ó ti gbẹ. Oòrùn máa ń pa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì gbé e sí iwájú mọ́tò tí ẹ páàkì sínú oòrùn, inú mọ́tò máa ń gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ ìgbẹrun náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, atẹ́gùn tútù rẹ̀ ni. Wíìgì tó nípọn lè gbà ju wákàtí 12 lọ, pàápàá nígbà òjò, nítorí náà ẹni tó bá ní òde ní Sátidé, kó fọ irun rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Bí ìgbì bá ti nà pátápátá

Ohun tó pa ìgbì náà la máa fi jí i. Mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ lára ìdì kékeré kan lẹ́yìn ná, nítorí irun tí kò dára máa ń ṣá tí omi gbígbóná bá kàn án.

Nígbà tí irun bá mọ́, ẹ pín in, ẹ di í ní ìdì mẹ́rin sí mẹ́fà fún ìgbì ńlá, tàbí mẹ́wàá fún ìgbì kéékèèké. Bí ìdì bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni ìgbì á ṣe kéré tó. Tó bá jẹ́ kọ́ọ̀lù lẹ fẹ́, rólà ni kí ẹ ká a mọ́. Ẹ fi rọ́bà so ṣóńṣó wọn, kí ẹ sì tẹ́ ẹ dáadáa: ṣóńṣó tó bá tẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe máa tẹ̀ láéláé nìyẹn. Ẹ gbé omi kaná. Tó bá hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ri àwọn ìdì náà bọ ọ́, ẹ ka oókan dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yọ ọ́, ẹ sì rì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e kọ́. Ẹni tó bá tú u kó tó gbẹ tán ti ṣiṣẹ́ lásán. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí, síbẹ̀ ẹnì kan á ṣì lọ tú u yọ́yọ́ wo bóyá ó ti ṣe.

Wíìgì tí wọ́n bọ́ kúrò lórí ni mo ń sọ. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kì í ṣe ohun tí à ń gbé sún mọ́ ọrùn èèyàn. Irun tí iná ti jó tó sì ti rún kì, kò sí omi tó lè jí ìyẹn. Ẹ gé e kúrò.

Tó bá jẹ́ orí ló wà

Wífọ́ọ̀nù tí a rán mọ́ orí tàbí irun tí a dì, awọ orí ló ń fẹ́ ìfọ̀ jù. Ẹ da ṣampú díẹ̀ pọ̀ mọ́ omi púpọ̀ nínú ike ìfọ́nmi, ẹ fọ́n ọn sí àárín ìlà, ẹ fi orí ìka rá a, ẹ tẹríba kí ẹ sì bu omi ṣan án. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì dára. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ di èyí tó ń fì lẹ́yìn ní ìdì ńlá méjì, kó má baà bára wé. Gbígbẹ ìdí rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ti ìsàlẹ̀ lọ: ìdí irun tí omi bá há sí máa ń rùn bí aṣọ tí kò rí oòrùn.

Àwọn kan wà tí irun tuntun máa ń yún lórí. Kí ẹ tó dì í, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà ife kan àti omi ife mẹ́rin fún ìdajì wákàtí. Ẹ óò rí ohun funfun kan tó máa léfòó sójú omi nígbà mìíràn. Ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Wàhálà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn lóru nítorí pé orí ń yún un kò ní pè é ní wàhálà.

Ìyókù jẹ́ ti ojoojúmọ́. Tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ di irun náà ní ìdì méjì tí kò le, ẹ fi ìborùn sátíìnì wé e. Ìrọ̀rí olówùú ló ń jẹ irun tó wà ní ìpàkọ́ run. Ẹ má fi òróró tàbí pàmáàdì sí ike lára, kò ní ibi tó fẹ́ gbé e gbà, eruku ló máa kó mọ́ra. Ẹ ká irun sókè kí ẹ tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tàbí kí ẹ tó yí àkàrà. Iwájú irun àwọn oníbàárà mi tó ń ta oúnjẹ ni mo fi ń dá wọn mọ̀: ó máa ń rún kì bí irun àgùntàn. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ìsìnkàn lọ sí Alágbàkà lójoojúmọ́, kó wé e, atẹ́gùn ojú ọ̀nà nìkan tó láti so kókó tó máa gbà yín ní wákàtí kan. Wíìgì tí ẹ bá wọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá ti tó fọ̀. Àfọ̀jù náà kò dáa.

Nígbà tí irun bá ti ń ṣá lọ́wọ́ bí koríko gbígbẹ lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́ dáadáa, tó sì ń já sí bàsíà ní ìdì ìdì, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ má jó o lẹ́yìnkùlé o, èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ọmọ kékeré fà símú. Ẹ dì í sínú ọ̀rá fún àwọn akólẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e wá fún onídìrí yín. Èyí tó bá ṣì gùn díẹ̀, èmi máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tuntun ní bí a ṣe ń dì irun, lára ìrọ̀rí àtijọ́ kan tí mo ti fi aṣọ wé.